Will Rogers, Olókùn tí ó di Olóhùn

Nínú gbogbo àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì wá oúnjẹ òòjọ́ wọn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a kò rò pé ẹnìkan wà tí ìtàn ayé rẹ̀ yẹ ní mímọ̀ fún àwọn olùkọ́ wa, àti fún àwọn tí ń gun orí pèpéle sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, tó ìtàn Will Rogers. Ọkùnrin yìí kú ní ọdún 1935, ọdún kan náà tí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì oníwáyà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fọhùn ní Èkó. Nítorí náà àwọn baba wa kò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú àpótí ara ògiri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe ni gbogbo sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń ṣe títí di òní olónìí, àṣìṣe tí ó ṣe náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, ọdún 1879 ni a bí i, nínú oko ẹran ńlá kan lẹ́bàá Oologah, ní ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Cherokee, èyí tí ó ti di apá kan ìpínlẹ̀ Oklahoma. Àwọn Cherokee wà nínú àwọn tí ó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní 1838 sí 1839 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ọmọ ogun lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sì kú. Clem Rogers, baba ọmọ náà, jẹ́ ènìyàn pàtàkì láàárín wọn. Ó ṣe adájọ́, ó ṣe aṣòfin nínú ìjọba Cherokee, ó sì bá wọn jókòó nígbà tí wọ́n ń kọ òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ Oklahoma kí ó tó di ìpínlẹ̀ ní 1907. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gé ilẹ̀ àjùmọ̀ní àwọn Cherokee sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n pín in fún olúkúlùkù, oko ẹran Clem náà túká. Will Rogers kò gbàgbé èyí rí. Ó máa ń fi ẹ̀yà rẹ̀ yangàn ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn òyìnbó tí ó ń pa lẹ́rìn-ín gbàgbé ẹni tí ó ti wà lórí ilẹ̀ náà kí ọkọ̀ wọn tó dé èbúté.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò. Àwọn ọlọ́rọ̀ Cherokee pẹ̀lú a máa kó ènìyàn dúdú lẹ́rú, ìdílé Rogers sì wà nínú wọn. Clem jagun lẹ́yìn àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tí kò fẹ́ kí a dá ẹrú sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun náà, àwọn tí a dá sílẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé nítòsí oko ẹran yìí, àwọn ọmọ wọn ni Will sì ń bá ṣeré ní kékeré. Darandaran dúdú kan tí ń jẹ́ Dan Walker ni ó kọ́ ọ bí a ti ń ju okùn olójóbó, tí a fi ń mú màlúù láti orí ẹṣin. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó sọ Will Rogers di ẹni tí ayé mọ̀, ọwọ́ ọmọ ẹrú ni ó ti gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1890. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti dúró lójú kan. Wọ́n mú un láti ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn, títí kan ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ni ọkùnrin ibẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ológun kan ní Missouri ni ó kẹ́yìn wọn. Ní 1898 ni ó sá kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí kankan. Kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kankan má ṣe fi èyí ṣe àwíjàre o. A ó rí i láìpẹ́ pé ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ kan láìka ìwé ìròyìn, àti pé kíkà yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di ènìyàn.

Ní 1902 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Argentina, ó rò pé iṣẹ́ màlúù yóò sọ òun di olówó níbẹ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ tán pátápátá. Ó bá tẹ̀ lé ọkọ̀ kan tí ń kó ẹran lọ sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ogun àwọn Boer àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Níbẹ̀ ni ó ti bá ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì Texas Jack pàdé, tí wọ́n gbà á bí ọmọ Cherokee tí ń fi okùn dárà. Ọ̀dọ̀ Texas Jack, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀la, ni ó ti mọ bí a ti ń múnú èrò ìwòran dùn àti ìgbà tí ó yẹ kí òṣèré kúrò lójú agbo. Ó kọjá sí Ọsirélíà àti New Zealand pẹ̀lú ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì mìíràn, nígbà tí ó sì padà dé ilé ní 1904, ó ti yí ayé po.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1905, nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ kan ń ṣeré ẹṣin àti màlúù ní Madison Square Garden ní New York, akọ màlúù kan já, ó sì sá gun àárín àwọn òǹwòran lọ. Igbe ta. Rogers ju okùn rẹ̀, ó mú un. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde, ọmọ oko ẹran sì di ẹni tí àwọn onílé eré ń wá kiri.

Kò sọ̀rọ̀ rárá nínú eré rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Yóò jáde, yóò ju okùn mú ẹṣin àti ẹni tí ó gùn ún, yóò tẹríba, yóò sì lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, ó fẹ́ dárà kan tí ó le. Ó dúró, ó fi ohùn oko Oklahoma ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ ṣe fún àwọn òǹwòran. Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Inú bí i, ojú sì tì í, nítorí ó rò pé wọ́n ń fi ohùn òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò lọ́wọ́ okùn díẹ̀díẹ̀. Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu, ó ń yí okùn lọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ pé ènìyàn ń gbọ́.

Ní 1915 ó wọ inú eré alẹ́ tí Florenz Ziegfeld ń ṣe ní New York. Àwọn ọlọ́rọ̀ kan náà ni ó ń padà wá síbẹ̀ lóru lóru, ẹ̀fẹ̀ àná kò sì lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín lónìí. Betty, ìyàwó tí ó fẹ́ ní 1908, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa sọ ohun tí ó kà nínú ìwé ìròyìn. Àwa tí ó wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn kò lè ṣàìdúró díẹ̀ níhìn-ín kí a kí obìnrin yìí. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo náà ni ó sọ aláwàdà di ẹni tí ń bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìjọba rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1916, ní Baltimore, ó ṣeré níwájú Ààrẹ Woodrow Wilson. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n kí ó tó jáde. Síbẹ̀ ó fi àìmúrasílẹ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ẹnu ààlà Mexico ṣe ẹ̀fẹ̀ níṣojú ẹni tí ó ń pàṣẹ fún wọn, Ààrẹ sì rẹ́rìn-ín. A gbọ́ pé ní àwọn ilẹ̀ kan, ẹ̀wọ̀n ni irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé aláwàdà lọ.

Bí a bá fẹ́ máa ka gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ yóò ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ sinimá ní 1918. Nígbà tí sinimá di elóhùn, ó ṣe 21, nígbà tí ó sì di 1934 òun ni àwọn onílé sinimá Amẹ́ríkà kà sí òṣèré tí ń pe èrò jù lọ. Láti 1922 ni ó ti ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti 1926 ni ó sì ń fi wáyà kúkúrú ránṣẹ́ sí wọn lójoojúmọ́ láti ibikíbi tí ó bá wà. Ó ń rin ìlú dé ìlú láti sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, òun nìkan lórí pèpéle fún wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, níwájú àwọn olówó ìlú, níwájú àwọn àgbẹ̀, níwájú àwọn oníbáńkì tí ó ń fi ojúkojú pè ní elé-gọbọi.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni ó fa òkìkí rẹ̀ wọ inú ilé gbogbo ènìyàn. Ní Pittsburgh ni ó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní 1922, kò sì tètè fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń wo ojú èrò láti mọ̀ bóyá kí òun tẹ̀ síwájú tàbí kí òun yí ọ̀nà padà, báwo ni yóò ti ṣe bá àpótí irin sọ̀rọ̀? Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn jókòó níwájú òun nínú yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, kí òun lè gbọ́ ẹ̀rín wọn. Kò fẹ́ràn láti ka ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀. Bí ó ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ epo Gulf gbà á láti máa sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi láti 1933, kò mọ ìgbà tí àkókò ń tán, nítorí náà ó gbé aago tí ń jí olóorun wá. Nígbà tí aago náà bá dún, yóò dá ọ̀rọ̀ dúró ní ibi tí ó bá dé, yóò sì kí wọn pé ó dìgbóṣe. Àwọn ènìyàn wá fẹ́ràn aago yẹn bí ẹni fẹ́ràn ọmọ ilé.

Ohun tí ó fún ọkùnrin yìí lágbára nìyí: àwọn tí ń gbọ́ ọ gbà pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an ni ó ń sọ. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ni, kò sì fi í pamọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tirẹ̀ yìí gan-an ni ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ tí ó dùn jù. Ó fi àìlètò àti ìjà àárín wọn ṣe ẹlẹ́yà ju bí ó ti fi àwọn Republican ṣe lọ. Ní 1928 ó díje fún ipò Ààrẹ nínú ìwé ìròyìn aláwàdà kan, ìlérí kan ṣoṣo ni ó sì ṣe fún àwọn olùdìbò, pé bí wọ́n bá yan òun, òun yóò kọ̀wé fi ipò náà sílẹ̀. Ní ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ Democrat ní Chicago ní 1932, àwọn aṣojú Oklahoma fún un ní ìbò 22. Síbẹ̀ àwọn Republican kò kó o nírìíra, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a fowó rà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ọ̀kan nínú àwọn agbọ̀rọ̀sọ yín wà tí ẹgbẹ́ kejì lè jókòó gbọ́ láìdì í ní ẹ̀sẹ̀.

Àánú pọ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá àti ebi mú àwọn àgbẹ̀ Oklahoma, Texas àti Arkansas, ó lọ bá Ààrẹ Hoover ní ìbẹ̀rẹ̀ 1931 pé kí ìjọba na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí wọn. Hoover kò gbà. Ó ní iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ni. Rogers wọ ọkọ̀ òfúrufú, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí èkejì, ó ń ṣeré, ó sì ń fi gbogbo owó tí ó rí ránṣẹ́ sí àwọn tí ebi ń pa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, òun àti Hoover yìí kan náà jọ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ nítorí àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Ó bi orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ìdí tí ebi fi ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ tí àká kún. Owó tí ó gbà lórí àwọn ètò rẹ̀ àkọ́kọ́ fún Gulf, àwọn aláìní ni ó fi ta lọ́rẹ.

Ọ̀rọ̀ méjì ni a fẹ́ gbé ka ara wọn báyìí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1928, láti inú ilé rẹ̀ ní Beverly Hills, ó sọ̀rọ̀ nínú ètò kan tí a so pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà: òun ní California, ẹlòmíràn ní Chicago, ẹlòmíràn ní New Orleans, àwọn onílù ní New York. Ó sín Ààrẹ Calvin Coolidge jẹ lóhùn. Ó sín in jẹ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan bínú pé ó tàbùkù ipò ńlá. Nígbà tí Rogers gbọ́, kò jáfara. Ó kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ààrẹ àti ìyàwó rẹ̀. Coolidge dá a lóhùn pẹ̀lú inúrere pé ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Ó parí síbẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1934, ó ń sọ̀rọ̀ nínú ètò Gulf nípa orin àwọn darandaran kan tí ó gbòde nígbà náà. Ó fẹ́ fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú ni irú ohùn orin bẹ́ẹ̀ ti wá. Ìyìn ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èébú tí àwọn olówó ẹrú fi ń pe ẹrú wọn ni ó fi pe àwọn tí ó ń yìn. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ènìyàn dúdú tí ó jókòó ti asọ̀rọ̀mágbèsì ní ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, tí àwọn ọmọ wọn jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ti ń bá a rẹ́rìn-ín bí ọ̀rẹ́, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Wáyà ìfẹ̀hónúhàn ya dé ilé iṣẹ́ NBC. Àwọn ìwé ìròyìn ènìyàn dúdú kọ̀wé takò ó, àwọn kan sì ní kí a má ṣe lọ wo sinimá rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ó dá wọn lóhùn lórí afẹ́fẹ́. Ó ní òun kò ní ibi kankan lọ́kàn; ó ní àárín wọn ni òun gbé dàgbà, àwọn ni ó tọ́ òun. Ohun tí ó sọ yìí jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó fi pè wọ́n nínú àlàyé náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwíjàre ni ó ṣe, kò tọrọ àforíjì bí ó ti tọrọ lọ́wọ́ Coolidge. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń wólẹ̀ fún Ààrẹ tí a sín jẹ kò mọ bí a ti ń wólẹ̀ fún àwọn ará Dan Walker. Ní ọdún yìí kan náà ni sinimá rẹ̀ tí a ń pè ní Judge Priest jáde, nínú èyí tí Stepin Fetchit àti Hattie McDaniel, òṣèré dúdú méjì tí ẹ̀bùn wọn kò kéré, ṣe ìránṣẹ́ fún un.

Àwọn kan yóò sọ fún wa pé bí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà nìyẹn. Àwa kò gbà. Àwọn tí ó kọ̀wé takò ó, ṣé kì í ṣe ìgbà náà ni wọ́n gbé? Àwọn kan yóò sì sọ pé kí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan pa gbogbo ìwà rere rẹ̀ rẹ́. Àwa kò gbà èyí náà. Àwọn àgbẹ̀ tí ebi ń pa ní 1931 jẹ oúnjẹ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè gba oúnjẹ náà padà lẹ́nu wọn. Ohun tí ó dùn wá ni pé ọkùnrin yìí mọ ohun tí ìrẹ́jẹ jẹ́. Wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yà rẹ̀. Ó ti gbọ́ kí àwọn òyìnbó pe àwọn Cherokee ní orúkọ tí wọn kò sọ ara wọn, ó sì ti bínú sí i. Etí tí ó gbọ́ ti tirẹ̀ kò gbọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, nígbà tí ó bá sì jẹ́ pé orí afẹ́fẹ́ ni ó ti bọ́, nínú gbogbo ilé ni ó ń fọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó fẹ́ràn ọkọ̀ òfúrufú ju ohun ìrìnnà mìíràn lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1935, òun àti Wiley Post, ọmọ Oklahoma olójú kan tí ó ti dá fò yí ayé po ní 1933, gbéra lọ sí Alaska. Ara ọkọ̀ òfúrufú méjì ni Post dà pọ̀ di ọ̀kan tí wọ́n wọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà wọ́n gbéra ní Fairbanks, wọ́n ń lọ sí Barrow ní ìpẹ̀kun àríwá. Kùrukùru bo ilẹ̀, wọ́n sì sọ ọ̀nà nù. Wọ́n balẹ̀ sórí ọ̀sà kékeré kan láti bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ tí ń ṣọdẹ. Bí wọ́n ti tún gbéra, ẹ́ńjìnnì kú, ọkọ̀ náà sì forí sọlẹ̀ sínú omi. Àwọn méjèèjì kú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, Clair Okpeaha, fi ẹsẹ̀ sáré ju máìlì 10 lọ dé Barrow láti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ẹni ọdún 55 ni Rogers. Sinimá rẹ̀, Steamboat Round the Bend, jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì wọ ilé sinimá lọ láti gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Ní 1944 ni a gbé òkú rẹ̀ kúrò ní California wá sí Claremore ní Oklahoma, tí kò jìnnà sí oko ẹran tí a ti bí i. Betty, tí ó kú ní ọdún náà, ni a sin tì í, pẹ̀lú Fred, àbígbẹ̀yìn wọn tí àrùn ọ̀fun pa ní 1920 kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì.